Omi Tí Hàwáwù Bù Kún Ìgò Bilqis

Wọ́n kọ́ wa pé ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ọmọ ọkọ rẹ̀ gbàgà. Ó lè pè é ní Ìbàdí-Àrán, ó lè pè é ní Àǹtí Dúdú, kó ṣáà ti má pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, lẹ́yìn Ìga Ìdúngánrán níbẹ̀ yẹn, Àǹtí Dúdú ni mò ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, mo sì máa ń kúnlẹ̀ kí n tó bá a sọ̀rọ̀. Lónìí, màá pe orúkọ rẹ̀. Hàwáwù ni. Mi ò sì ní máa sọ pé "wọ́n ṣe báyìí, wọ́n ṣe bọ́hùn-ún." Ó ṣe é ni. Ẹni tó bá ní èmi Àdíját ò lẹ́kọ̀ọ́, kó kọ́kọ́ jókòó gbọ́ ohun tí ojú Bilqis rí.

Bilqis ni ìyàwó Ṣàíbù, àbúrò ọkọ mi. Hàwáwù ni àkọ́bí ilé, Haleem ọkọ mi ló tẹ̀lé e, Ṣàíbù ni àbíkẹ́yìn wọn. Ṣàíbù jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní orí ń fọ́ òun, kó tó di àsìkò ìrun Mọ̀ríbì a ti sin ín. Kò sí ẹni tí kò sunkún ládùúgbò wa. Ó fi Bilqis sílẹ̀, ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, Haneefah, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, tó jọ bàbá rẹ̀ bí ẹni pé ó pọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ ni Hàwáwù ti là á sílẹ̀ fún ẹbí. Àkọ́kọ́, Bilqis ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan ìta títí opó rẹ̀ á fi pé, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Àlùfáà tó jókòó síbẹ̀ ní ẹ̀sìn ò le tó bẹ́ẹ̀, pé opó tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ lè jáde lọ́sàn-án, kó ṣáà ti padà wá sùn sílé. Hàwáwù ní ilé àlùfáà kọ́ ni Ṣàíbù ti kú. Ìkejì, bí opó bá parí, tí Bilqis bá ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́, tó sì rí yàrá tirẹ̀ gbà, kó mú ọmọ rẹ̀ máa lọ. Bí kò bá ní in, Haneefah á dúró nílé bàbá rẹ̀, lọ́dọ̀ Hàwáwù. Haleem mi orí, gbogbo àgbà tó kù náà mi orí. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún dùn létí, àbí? Ó dà bí ìdájọ́ òdodo. Àmọ́ Hàwáwù mọ̀ pé òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni Bilqis níbi iṣẹ́ rẹ̀, pé ìwé tí wọ́n fi gbà á máa parí kí opó tó parí, àti pé kò sí bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé ṣe lè ríṣẹ́.

Hàwáwù bímọ rí, ọmọ náà ò dúró. Mo mọ̀. Èmi ni mo dì í mú lọ́jọ́ náà. Àánú rẹ̀ ṣe mí fún ọdún púpọ̀, àmọ́ ẹni tí iná jó kò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀ kiná bọ ilé ẹlòmíì.

Ibi iṣẹ́ Bilqis, Marina ló wà. Wọ́n ń yẹ òkúta wò níbẹ̀ fún àwọn tó ń wa epo rọ̀bì. Kì í ṣe òkúta ilẹ̀ tiwa, nítorí inú iyanrìn ni epo tiwa wà. Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó èyí ránṣẹ́, òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì, tí wọ́n gbẹ́ jáde láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tí wọ́n sì gé ní kúkúrú-kúkúrú. Ọ̀gá ibẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Reginald, ọmọ Sàró, Olówógbowó ni ilé bàbá rẹ̀ wà. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Nígbà tó gbọ́ pé wọn ò ní jẹ́ kí Bilqis jáde, ó ní iṣẹ́ kan wà tí kò nílò ẹ̀rọ ńlá, tí ènìyàn lè máa ṣọ́ nínú yàrá. Bí àbájáde rẹ̀ bá dára tó láti gbé síwájú àwọn tó ni òkúta, òun á sọ Bilqis di òṣìṣẹ́ pátápátá. Bilqis gbá ọ̀rọ̀ yẹn mú bí ẹni tó ń rì sómi.

Ìbíyínká, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló gbé ẹrù náà wá. Ìgò méjì tó ní ikùn ńlá, tí ọrùn wọn tín-ín-rín tó sì ní ìlà bíi ti rúlà. Ó gbé òkúta méjì tí wọ́n ti rẹ sínú epo rọ̀bì gbígbóná fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ títí wọ́n fi dúdú. Ó sì gbé omi oríṣi méjì nínú kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n gbé ìgò méjèèjì sínú abọ́ ńlá tí iná ẹ̀lẹ́ńtíríkì ń mú omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́wọ́, wọ́n so ó mọ́ bátìrì tí Ṣàíbù rà kó tó kú. Hàwáwù yọjú, ó wo gbogbo rẹ̀, ó ní opó tiwa kì í ṣọ̀fọ̀, òkúta ló ń tọ́.

Ọwọ́ mi ò dí ní ọjọ́ yẹn. Ìdúmàgbò ni mo ti ń ta síìpù àti bọ́tìnnì, àmọ́ Sọ́ńdè ni. Mo jókòó tì í, mo ní kó ṣàlàyé fún mi, ó sì ṣe é débi tó yé mi. Ó ní òkúta ẹfun fẹ́ràn epo ju omi lọ. Epo lẹ̀ mọ́ ọn nínú ihò tóóró-tóóró tó wà lára rẹ̀. Bí àwọn tó ń wa epo bá ti fa èyí tó rọrùn láti fà, wọ́n á máa da omi òkun sínú kànga láti fi ti ìyókù jáde, omi á kàn kọjá láàárín, epo á jókòó síbi tó wà. Ó ní àpá ọ̀rá lára ìkòkò ni kí n fi wé. Kànga tí wọ́n á sọ pé ó ti gbẹ, ìdajì epo rẹ̀ lè ṣì wà nísàlẹ̀.

"Ìyá Ihsan, wọ́n wá rí i pé bí wọ́n bá dín iyọ̀ inú omi náà kù, òkúta á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọwọ́," ó ní. "Á gba omi mọ́ra, á sì já epo sílẹ̀. Kì í ṣe pé kò ní níyọ̀ rárá o. Àwọn ohun kan wà nínú omi òkun tó gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù, àwọn ló ń ṣiṣẹ́ náà gan-an. Ìdí nìyẹn tí nǹkan kan ò fi gbọdọ̀ kún un."

Omi òkun gidi ló wà nínú ìgò kan. Èyí tí wọ́n ti bu omi là dáadáa ló wà nínú ìkejì. Iṣẹ́ Bilqis ni láti máa wo bí epo ṣe ń yọ lára òkúta fúnra rẹ̀, tó ń gun òkè lọ kó sí ọrùn ìgò, kó sì kọ bó ṣe pọ̀ tó. Èmi náà máa ń wò ó bí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé. Ìléròrò epo dúdú wínníwínní, á jókòó sára òkúta bí òógùn, nígbà tó bá yá á já. Ìgò omi òkun ń fún wa ní ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgò omi tí wọ́n là ń mú díẹ̀ sí i wá. Ó dára, Bilqis ní, àmọ́ kò tíì tó ohun tí ẹnikẹ́ni á torí ẹ̀ fún un níṣẹ́. Á fa Haneefah mọ́ra, á máa wo ọrùn ìgò náà títí ojú á fi máa ro ó. Àwa méjèèjì mọ ohun tó ń wò. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò nínú ìgò yẹn.

Ìgbà tó yá ni ibà dá a dùbúlẹ̀. Odidi ọjọ́ kan, kò mọ ẹni tó wọlé tàbí ẹni tó jáde. Mo fún un ní oògùn láàárọ̀ kí n tó lọ sí Ìdúmàgbò, mo sì bẹ Hàwáwù pé kó máa yọjú sí i. Nígbà tó fi máa gbádùn ara rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, tó dìde lọ wo ìgò, ó figbe ta. Ọrùn ìgò omi tí wọ́n là ti dúdú fún epo. Èyí tó yọ ní ọjọ́ kan ju gbogbo èyí tó ti ń yọ tẹ́lẹ̀ lọ. Bilqis forí kanlẹ̀ lórí ẹní, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Reginald fúnra rẹ̀ pè é, ó ní òun ti fi han àwọn tó ni òkúta, inú wọn dùn gan-an, kó lọ máa wá yàrá tó máa gbà. Mo ra ẹja díńdín bọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bilqis jẹun yó fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

Inú Hàwáwù ò dùn. Kò jẹ nínú ẹja mi.

Ayọ̀ náà ò pẹ́. Wọ́n tún un ṣe ní Marina, pẹ̀lú òkúta tó jọ ọ́ àti omi kan náà, epo díẹ̀ ló yọ. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, díẹ̀ náà ni. Àwọn tó ni òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́nà tí kò dára. Ohùn Ọ̀gbẹ́ni Reginald yí padà lórí fóònù. Ó bi Bilqis bóyá ohun tó rí ló kọ sílẹ̀ ni, àbí ohun tó fẹ́ rí. Ó ní kó wá àlàyé fún òun, tí kò bá sí àlàyé, irọ́ ni wọ́n máa pè é, kò sì sí ilé iṣẹ́ kankan ní Èkó tó máa gba ẹni tó ń parọ́ nídìí òkúta.

Bilqis bi gbogbo ilé bóyá ẹnikẹ́ni fi iyọ̀ sínú ìgò òun. Hàwáwù fi Kùránì búra pé òun ò mú iyọ̀ dé yàrá náà. Òótọ́ ló sọ. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù, pé ìbúra rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà kan fún yín nínú ilé yìí. Ìyá wọn tó ti kú kò fẹ́ rí ohun tí omi rẹ̀ lọ sílẹ̀. Omi kànga Ìsàlẹ̀ Èkó níyọ̀, omi tí à ń rà lọ́wọ́ mẹ́ruwà kì í wá lójoojúmọ́, nítorí náà bí omi bá ti wà nínú dúrọ́ọ̀mù, ẹni tó bá kọjá níwájú garawa tàbí kẹ́tù tí omi rẹ̀ ti fà gbọ́dọ̀ bu tiẹ̀ kún un. Ọmọdé ilé wa ń ṣe é láìronú. Omi tó bá dọ̀tí, álọ́ọ̀mù ni wọ́n ń jù sí i kí ìdọ̀tí lè lọ sísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ka álọ́ọ̀mù sí nǹkan kan. Omi tó bá ti jẹ álọ́ọ̀mù, omi mímọ́ là ń pè é.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá Hàwáwù nídìí dúrọ́ọ̀mù, ó ń ro álọ́ọ̀mù pọ̀. Ó ní omi ọ̀sẹ̀ yìí dára díẹ̀, pé ti ọ̀sẹ̀ ibà Bilqis ló dà bí ẹrẹ̀, òkúta álọ́ọ̀mù ńlá méjì ni òun jù sí i kó tó mọ́. Ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní omi yẹn ni òun bù kún ìgò ẹni tó ń tọ́ òkúta lọ́jọ́ náà, nítorí omi rẹ̀ ti fà wálẹ̀, òun ò sì lè máa wo ohun tó ń gbẹ nínú ilé ìyá òun. Mo ní ṣé ó gbọ́ ohun tó sọ yẹn. Kò tíì yé òun náà nígbà yẹn, mo rí i lójú rẹ̀. Mo sáré wọ yàrá Bilqis.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún un, ó jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Àṣé mi ò ya wèrè," ó ní. "Sọ́fétì ló wà nínú álọ́ọ̀mù, Ìyá Ihsan. Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí mo sọ fún yín nìyẹn, tó ń lọ já epo kúrò lára òkúta. Álọ́ọ̀mù tún kan, ó ń jẹ ẹfun. Òun ló lé gbogbo epo yẹn jáde."

Ó ní kò burú mọ́, àṣìṣe lásán ni, kò sí irọ́ níbẹ̀. Omi náà ṣì wà nínú ìgò, òkúta ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ wà ní Marina tó máa rí álọ́ọ̀mù níbẹ̀ wàràwàrà. Ó pe Ìbíyínká pé kó wá gbé ìgò náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ayọ̀ ò jẹ́ kó rọra sọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, Hàwáwù sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Láàárọ̀, ìgò náà dorí kodò láàárín àwọn abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó ń dán. Ó ń ta òórùn ọṣẹ. Òkúta inú rẹ̀ ti di àwátì, bẹ́ẹ̀ ọ̀sà ò jìnnà sí ilé wa. Hàwáwù ní epo ìgò náà ti ń rùn, òun bá ìyàwó òun fọ̀ ọ́ ni. Ó tiẹ̀ tún ní kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ òun.

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí à ń pè ní ìkà.

Ẹnu Hàwáwù nìkan ló wá kù fún ẹ̀rí. Bilqis lọ bá a, ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Hàwáwù gbé Haneefah sórí itan, ó ń fún un ní ògì. Bilqis bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn sọ ohun tó ṣe fún Ọ̀gbẹ́ni Reginald, pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Hàwáwù nu ẹnu ọmọ náà tán, ó ní kí ọ̀gá náà máa bọ̀, òun máa dá a lóhùn.

Ọ̀gbẹ́ni Reginald wá lọ́jọ́ Sátidé, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó kí gbogbo wa pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Haleem wà níbẹ̀. Ó bi Hàwáwù ní tààrà bóyá ó bu omi kankan sínú ìgò tó wà ní yàrá Bilqis. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun á ka gbogbo rẹ̀ sí àṣìṣe, Bilqis á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú o, mi ò mọ nǹkan kan nípa ìgò," Hàwáwù ní. "Ohun tí mo mọ̀ ni pé ojoojúmọ́ ni ọmọ yìí ń sunkún pé bí òun ò bá ríṣẹ́, a máa gba ọmọ lọ́wọ́ òun. Ẹni tó bá wà nínú irú ìnira bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ohun tó lè kọ sínú ìwé."

Mo dìde. Mo ní irọ́ ni, ó sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀ nídìí dúrọ́ọ̀mù pé omi álọ́ọ̀mù ni òun bù sí i. Hàwáwù ò tiẹ̀ wò mí. Ó ní ṣé mo wà nílé lọ́jọ́ ibà náà ni, àbí Ìdúmàgbò ni mo wà. Ọ̀gbẹ́ni Reginald bi mí, mo ní Ìdúmàgbò ni mo wà. Ó yíjú sí Haleem. Ọkọ mi wo ilẹ̀, ó ní òun náà ò sí nílé, ó wá ní kí n dákẹ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà méjì ló wà ní pálọ̀ yẹn. Ọ̀kan fọwọ́ ara rẹ̀ wọ́ orí ọmọ, ìkejì ń wo rọ́ọ̀gì.

Ọ̀gbẹ́ni Reginald bi Bilqis bóyá ó ní nǹkan kan tó lè fi han òun. Kò ní. Ọkùnrin náà dìde. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó ní ó dun òun, ó sì lọ.

Opó parí. Ẹbí jókòó, wọ́n ní kò sí iṣẹ́, kò sí yàrá. Ní àárọ̀ tí Bilqis kó ẹrù rẹ̀ jáde, Hàwáwù ti gbé Haneefah wọ yàrá tirẹ̀, ó ti fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn. À ń gbọ́ igbe ọmọ náà láti inú. Bilqis fi àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀kùn náà, kò gbá a, ó kàn fọwọ́ lé e títí mo fi fà á kúrò níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìbátan rẹ̀ kan ní Ìkòròdú ló lọ, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ aládùúgbò ní ìṣirò. Gbogbo Jímọ̀ ló ń wá. Hàwáwù á ní ọmọ ń sùn. Ó tún lè ní wọ́n ti mú un lọ sí Ẹ̀pẹ́, tàbí pé ó ní ọ̀fìnkìn. Nígbà tó yá, wọn ò ṣílẹ̀kùn fún un mọ́. Mo máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, títí Haleem fi gba fóònù náà lọ́wọ́ mi tó ní ilé ẹ̀gbọ́n òun ni mò ń gbé.

Ó lé ní ọdún kan kí Ìbíyínká tó yà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìdúmàgbò láti ra síìpù. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ álọ́ọ̀mù ò kúrò lọ́kàn Ọ̀gbẹ́ni Reginald. Ó ti lọ fi sọ́fétì kún omi tí wọ́n là, ó tún kó òkúta sí i, epo sì yọ ju bó ṣe ń yọ nínú omi lílà lásán lọ. Ó tún bu álọ́ọ̀mù gan-an sí ìgò mìíràn, ohun tó rí níbẹ̀ ò yàtọ̀ sí fọ́tò Bilqis. Ó ránṣẹ́ pè é, ó bẹ̀ ẹ́, ó fún un ní ìwé iṣẹ́ gidi. Bilqis ti gba yàrá kan ní Òkèpópó. Mo ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, mo jó délé.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Wọn ò sọ fún wa ohun tí irọ́ ti máa jẹ tán kí òótọ́ tó dé.

Bilqis wá lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ àti kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀. Haleem ka ìwé náà, ó dá a padà fún un. Mo ń retí ìjà lọ́dọ̀ Hàwáwù, mo ti ro gbogbo èébú tí mo máa bú u sílẹ̀. Kò jà. Ó ti di aṣọ ọmọ náà sínú báàgì. Ó pe Haneefah jáde. Ọmọ náà ti ga, ó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́ta, wọ́n ti fi àtíkè sí i lára. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, bí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ṣe ń kúnlẹ̀ fún àlejò.

"Ẹ káàsán, Àǹtí," ó ní. Ó sì padà lọ di ìró Hàwáwù mú.

"Mú ọmọ rẹ," Hàwáwù ní. "Kò sẹ́ni tó dá ẹ dúró."

Bilqis gbé e. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti ẹnu ọ̀nà. Mo gbé báàgì tẹ̀lé wọn, mo ní bí a bá ti dé Òkèpópó á dákẹ́. Ní Ìdúmàgbò, láàárín àwọn tó ń patẹ aṣọ, igbe náà ti di nǹkan mìíràn. Màámi ló ń pè, ó ń nawọ́ sí ọ̀nà ilé, ó ń fi èékánná ha ojú Bilqis. Ọkùnrin kan tó ń ta ṣòkòtò jíìnsì dá wa dúró. Ó bi ọmọ náà ibi tí màmá rẹ̀ wà. Haneefah ní màámi wà nílé. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní gbọ́mọgbọ́mọ ni wọ́n. Ẹ̀yin tó mọ Èkó, ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dà.

Mo pariwo pé ìyá tó bí i ni, pé èmi ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà. Wọ́n ní méjì ni wọ́n. Wọ́n já gèlè Bilqis, wọ́n fa aṣọ rẹ̀ ya léjìká. Ẹnìkan di apá ọmọ náà mú, ẹlòmíì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, Bilqis dì í mọ́ra láàárín, ọmọ náà sì ń ké bí ẹni tí eegun rẹ̀ fẹ́ yẹ̀. Ẹnìkan tó dá ọmọ náà mọ̀ ti sáré lọ pe Hàwáwù. Ó dé. Kò sáré. Wọ́n là fún un. Wọ́n bi í bóyá ó mọ obìnrin yìí. Hàwáwù la apá rẹ̀ méjèèjì, ó dúró, ó dákẹ́. Wọ́n tún bi í. Ó ń wo ọmọ náà nìkan.

Bilqis rí bí apá Haneefah ṣe ń lọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló tú ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé ọmọ náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, Haneefah sì sáré láàárín ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn lọ bọ́ sí apá Hàwáwù.

Hàwáwù pọ̀n ọ́n, ó so ọ̀já mọ́ ọn dáadáa. Ìgbà náà ló tó wá yíjú sí àwọn tó ṣì di Bilqis mú.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó ní. "Ìyá rẹ̀ ni."

Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ.